Bí Ìjàpá Rẹ Bá Ń Gbóná Jù: Ohun Tó Yẹ Kó O Wò Kó O Tó Náwó

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, àwọn mẹkáníìkì kì í sábà là á yé obìnrin, bẹ́ẹ̀ àwa náà là ń sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Volkswagen Ìjàpá ni, èyí tí bàbá tàbí ìyá ẹni fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilé ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìbòkun tàbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ìwọ wá tún kùn, tí o tún aṣọ àga rẹ̀ rán, tí o sì fẹ́ máa gbé lọ sóde. Mo mọ bó ṣe ń dùn mọ́ni bí gbogbo èèyàn bá yíjú wò ó. Mo sì mọ bó ṣe ń dunni bó bá rìn díẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí agbára rẹ̀ ń relẹ̀, tí ẹni tó ń bá ọ tún un ṣe sì ní kó o lọ wá owó ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó o di mú ṣinṣin: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá rẹ kó o tó rí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ àti bí ọ́ìlì rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú un gbóná kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ. Ibi tí kò náni ní nǹkan kan ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká tó dé ibi tó ń gba owó.

Ọkọ̀ tí kì í mu omi

Ìjàpá kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Òjó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní ìpínlẹ̀ Èkó. Owó Údojì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ọ̀pọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ló sì ra Ìjàpá ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn. Jámánì ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1978. Mẹ́síkò ló ṣe èyí tó kẹ́yìn pátápátá ní oṣù Agẹmọ ọdún 2003, nígbà tí iye rẹ̀ lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ orí kọ́ ló ń mú un gbóná, àìrí ìtọ́jú ni. Bó bá jẹ́ Ìgàlá tàbí bọ́ọ̀sì Kombi àtijọ́ lo ní, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bákan náà, nítorí bákan náà ni ẹ́ńjìnnì wọn ṣe ń tutù.

Ìjàpá kò ní ràdíétọ̀, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fáànù kan wà nínú àpótí páànù tó dúró sórí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọkọ̀. Orí irin kan náà ni òun àti dáínámò wà, bẹ́líìtì rọ́bà kan ṣoṣo ló sì ń yí àwọn méjèèjì. Fáànù yìí máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, á fẹ́ ẹ sára sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná á sì bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà: ó ń ru ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì lọ sí kúlà kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn, á tutù níbẹ̀, á sì padà. Lítà 2.5 péré ni gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá ti mọ èyí, o ti mọ ìdí tí ọ̀ràn ooru Ìjàpá kì í fi í kúrò lórí afẹ́fẹ́, ọ́ìlì, tàbí iná tó ń jó ju bó ṣe yẹ nínú sílíńdà.

Àmì tó yẹ kó o fura sí

Ọkọ̀ yìí kì í ní géèjì ooru lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà etí, imú àti ojú rẹ ló máa ṣiṣẹ́. Bí iná ọ́ìlì bá ń ṣẹ́jú nígbà tí o bá dúró lẹ́yìn ìrìn gígùn, ọ́ìlì ti gbóná débi pé ó ti ṣàn jù. Bí o bá gbọ́ ìró irin tín-ín-rín léraléra nígbà tí o bá tẹ tọ́tù lórí òkè, iná ń jó ní àkókò tí kò yẹ nínú sílíńdà. Bí o bá pa kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbọ̀n tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ooru inú rẹ̀ ti pọ̀ tó láti máa dáná sí epo fúnra rẹ̀. Bí o bá ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó, á jẹ́ pé ọ́ìlì ń jò sára irin gbígbóná.

Àmọ́ bó bá kàn kú lójijì nínú oòrùn, tó sì dáhùn lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, tí kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kà yìí, ó lè jẹ́ pé bẹntiróòlù ló ti di afẹ́fẹ́ nínú páìpù nítorí ooru. Ìyẹn yàtọ̀. Ní kí wọ́n yẹ ojú ọ̀nà páìpù bẹntiróòlù wò, kí wọ́n gbé e jìnnà sí irin tó ń gbóná.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú ọ̀nà

Wàràwàrà là ń yọ oró iná. Iná méjì ló yẹ kó o mọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ: iná dáínámò àti iná ọ́ìlì. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá, pupa ni ti dáínámò, àwọ̀ ewé sì ni ti ọ́ìlì, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ gílóòbù lára òmíràn, nítorí náà ní kí rẹwáyà fi èwo ni èwo hàn ọ́. Bí iná dáínámò bá tàn nígbà tí o wà lórí ìrìn, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já. Bó bá ti já, fáànù kò yí mọ́ nìyẹn. Yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó o sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má sọ pé o fẹ́ rọra rá dé Ìbòkun tàbí dé ilé. Bí iná ọ́ìlì bá tàn tí kò kú, ohun kan náà ni kó o ṣe.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó kàn gbóná, tí kò sí iná kankan tó tàn, má pa á kíá. Dúró níbi tí afẹ́fẹ́ wà, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí fáànù lè fẹ́ ooru kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn náà kó o pa á.

Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má bu omi sí i. Àwọn tó wà nítòsí á fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì máa ké pé, “Ẹ tètè bu omi sí i, àǹtí!” Ọkọ̀ oníràdíétọ̀ ló mọ́ wọn lára. Omi tútù lórí irin sílíńdà tó ń hó lè là á, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ owó ẹ́ńjìnnì á wá di òótọ́. Dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bọ̀dá, afẹ́fẹ́ ló ń lò, kì í lo omi.” Ṣí ìdérí ẹ̀yìn, dúró fún bí ààbọ̀ wákàtí, kó o wá fa géèjì ọ́ìlì yọ kó o wò ó.

Kọ́kọ́ wo ọ̀nà afẹ́fẹ́

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbójú fo nǹkan jù. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́. Ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé wọlé lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ náà bá ti dúró sábẹ́ igi tàbí sínú abà kòkó fún ọdún mélòó kan, èkúté lè ti kọ́lé sínú àpótí fáànù, kí ewé gbígbẹ àti òwú àga dí ojú kúlà ọ́ìlì pa. Láti òde, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní lójú rẹ, kò sì sí bí o ṣe lè rí i àfi bí wọ́n bá tú àpótí fáànù náà sókè. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí ìdúró, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni eruku pupa ilẹ̀ wa. Bí ọ́ìlì bá ń jò díẹ̀díẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di ẹrẹ̀ gbígbẹ láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí sílíńdà ká. Àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn ni ooru ń gbà jáde. Tí ẹrẹ̀ bá bò wọ́n, fáànù kàn ń fẹ́ ẹrẹ̀ lásán ni. Ní kí wọ́n fọ̀ wọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, kí wọ́n sì dí ojú ibi tí ọ́ìlì ń jò.

Lẹ́yìn èyí, wo àwọn páànù àti rọ́bà. Rọ́bà gígùn kan yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ká láti di àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ara ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya afẹ́fẹ́ tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀. Bí rọ́bà yìí bá ti jẹrà, tàbí tí wọ́n ti yọ páànù kan sọnù nígbà tí wọ́n ń tún ọkọ̀ kùn, fáànù á máa fa ooru tó ti lé jáde padà wọlé, bí ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ lójú ààrò. Wo rọ́bà róbótó kéékèèké tó wà lára wáyà púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Bí wọn kò bá dí ihò wọn, afẹ́fẹ́ ń sá lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti yọ páìpù tó ń gbé ooru lọ sínú ọkọ̀ nítorí pé a kò nílò rẹ̀ nílẹ̀ wa, ojú ihò méjèèjì tó ṣẹ́kù lára àpótí fáànù gbọ́dọ̀ ní ìdérí.

Bẹ́líìtì àti ọ́ìlì

Pa ẹ́ńjìnnì, fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì. Bó bá wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, ó dára. Bó bá dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù kò ní yí bó ṣe yẹ. Bó bá le jù, á pa bíárìn dáínámò. Àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ dáínámò ni wọ́n fi ń tún un ṣe: bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì á le sí i. Ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n yọ síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, kó má bàa sọnù.

Ní ti ọ́ìlì, ilẹ̀ títẹ́jú ni kó o ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ́ńjìnnì ti wà ní pípa fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kó wà láàárín ìlà méjèèjì, kó sún mọ́ ti òkè. Má gbà pé kí wọ́n bù ú kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, gbé géèjì náà sí imú. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, páńbù epo lè ti jò sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì á di omi lásán, kò ní lè dáàbò bo irin, iná sì lè ṣẹ́ yọ. Má wa ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi tún un ṣe. Máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5,000, kó o sì ní kí wọ́n fọ asẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí Ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì tí à ń yí jùnù. Ra èyí tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já.

Táímìn, tápẹ́ẹ̀tì àti kàbúrétọ̀

Bí afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì bá dára, ibí ni iṣẹ́ mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀. Táímìn ni àkókò tí iná ń ṣẹ́ nínú sílíńdà. Èyí tó yá jù ló ń mú ìró irin tín-ín-rín yẹn wá, èyí tó sì pẹ́ jù ń mú kí páìpù èéfín gbóná janjan. Àmì wà lára kẹ̀kẹ́ bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ fún un. Ní kí wọ́n fi iná táímìn tàbí gílóòbù wò ó, kí wọ́n má fi etí nìkan ṣe é.

Òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń ti fáàfù ṣí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Àlàfo rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí jẹ́ mílímítà 0.15. Bó bá fún jù, fáàfù kò ní pa dé, iná á máa jó o létí títí á fi ṣẹ́. Bí mẹkáníìkì bá ní òun á ṣe é lọ́sàn-án lẹ́yìn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wakọ̀ dé, sọ fún un pé wàá gbé e wá lọ́la. Ní kó fi ojú sí sílíńdà kẹta, èyí tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Lára àwọn tó ṣáájú mọ́dẹ̀lì 1971, kúlà ọ́ìlì ń dí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́nà, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jóná.

Ìwọ fúnra rẹ lè mọ bí iná ṣe ń jó nínú rẹ̀. Ní kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀ dára. Èyí tó dúdú pẹ̀lú èédú ń jẹ epo jù. Èyí tó funfun kò rí epo tó, iná rẹ̀ sì ń gbóná ju ti ìyókù lọ. Ó lè jẹ́ pé kàbúrétọ̀ dọ̀tí, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí 2023 ni gbogbo wa ti ń wá bí ọkọ̀ á ṣe mu epo díẹ̀. Mo mọ̀ bó ṣe rí. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi jẹ́ẹ̀tì (ojú ihò tí epo ń gbà) tó kéré sí kàbúrétọ̀ rẹ láti dín epo kù, kọ̀ fún un. Owó epo tí o rí fi pa mọ́ á kéré gan-an sí owó orí sílíńdà. Má sì ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti fi kẹrosíìnì là á, ẹ́ńjìnnì á máa ké lórí gbogbo òkè.

Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń gbé bẹntiróòlù, kí wọ́n fi kílíìpù dè é. Rọ́bà tó ti là lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè sọ ọkọ̀ di eérú lójú ẹni, kì í sì fúnni láyè. Ra ohun ìpaná, kó o gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ lè tó.

Bí o ṣe ń wà á náà wà níbẹ̀

Ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń sáré ni fáànù náà fi ń yí. Nítorí náà, bí o bá ń gun òkè láti Erínmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, má fi jíà kẹrin fa ọkọ̀ náà bí ẹrú. Wọ jíà kẹta, tàbí ìkejì bó bá yẹ, kí ẹ́ńjìnnì lè yí fàlàlà. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà tí oòrùn ń ta, àárọ̀ kùtù ni kó o rìn. Ní ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògún, tí ọkọ̀ ń wọ́ ní Òṣogbo, wá ibi kan gbé Ìjàpá rẹ sí, kó o fẹsẹ̀ rìn dé ibi ọdún.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì

Kí i dáadáa, bọ̀wọ̀ fún un, kó o sì béèrè ọ̀rọ̀ rẹ láìtijú: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú àpótí fáànù. Ẹ bá mi wọn kọ̀m̀púréṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì jẹ́ kí n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.” Kọ̀m̀púréṣọ̀n ni bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ti sílíńdà kan ṣoṣo bá relẹ̀, fáàfù tàbí ríìngì ibẹ̀ nìkan lè ni. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ti lọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá ti pa á, di kẹ̀kẹ́ bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ mú, fà á, kó o sì tì í. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀, tó ń dún kò-kò, bíárìn inú ti jẹ, ẹni tó sọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì kò parọ́ fún ọ.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú pátápátá, má tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin lówó yẹ̀yẹ́. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti atẹ́gùn, ìròyìn rẹ̀ sì kọjá Nàìjíríà. Ara ọkọ̀ tó dúró dáadáa ṣì níye lórí.

Ra ìwé kékeré kan, kó o fi sínú ọkọ̀ náà. Kọ ọjọ́ tí o pààrọ̀ ọ́ìlì sí i, iye kìlómítà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì, iye kọ̀m̀púréṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí o san. Fi bẹ́líìtì tuntun kan, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, lítà ọ́ìlì kan àti tọ́ọ̀ṣì sínú búùtù iwájú. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bẹ́líìtì yẹn sí títí ìwọ náà á fi lè ṣe é. Iṣẹ́ tí kò gbà tó ààbọ̀ wákàtí ni, obìnrin sì lè ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Iléṣà láìdúró de ẹnikẹ́ni.